Páálí Ọta Àtijọ́: Ewé Tó Pẹ́ Lára Ọṣẹ

Ní Amẹ́ríkà, bí àgbàlagbà kan bá kú, tí àwọn ọmọ kò sì fẹ́ gbé inú ilé náà, wọ́n á ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, wọ́n á lẹ iye owó mọ́ gbogbo ohun tí olóògbé ní, àwọn èrò á sì wọlé wá rà á. Àga, àwo, ẹ̀rọ ìránṣọ, bàtà, títí dórí ìgò òróró tó ku ìdajì. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ń gbé ibẹ̀ mọ irú ọjà bẹ́ẹ̀ dáadáa, torí níbẹ̀ ni wọ́n ti ń rí ohun tí wọ́n ń dì sínú kọ̀ntẹ́nà ránṣẹ́ sílé. Nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì iṣẹ́, lábẹ́ ìṣó àti wáyà, ni páálí kékeré kan máa ń fara pamọ́ sí, tó wúwo ju bó ṣe tóbi lọ. Ọta ìbọn ìléwọ́ ló wà nínú rẹ̀, àádọ́ta géérégé, tí ẹnì kan ti rà kí wọ́n tó bí ẹni tó ń tà á lónìí.

Ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀ á ṣí páálí náà, á mú ọta kan jáde, á máa fi àtàǹpàkò yí i síwá sẹ́yìn, á ní, “Ṣé ó ṣì lè dún?” Ẹni tó mọ̀ ọ́n kò bìkítà bóyá ó lè dún. Á kọ́kọ́ gbé páálí náà sábẹ́ iná, á wo orí rẹ̀, á wo ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, á wo igun, á yí ìdí rẹ̀ sókè. Á ka gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n tẹ̀ sí i lára, títí kan èyí tó kéré jù. Lẹ́yìn ìyẹn ló tó kan ọta. Ìwé ló ń rà.

Àwọn àgbà ní ewé tó bá pẹ́ lára ọṣẹ, á dọṣẹ. Ní ti páálí ọta àtijọ́, ewé ti ya ọṣẹ sílẹ̀, òun gan-an ló di ọjà. eBay kò gbà kí ẹnikẹ́ni ta ọta lórí rẹ̀, síbẹ̀ àwọn ènìyàn ń ta òfìfo páálí ọta níbẹ̀, àwọn mìíràn sì ń san owó gidi lé e. Páálí lásán, tí kò sí ohun kan nínú rẹ̀ bí kò ṣe eruku! Àmọ́ ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ ọta tí kò ní páálí lọ bá ẹni kan náà, kí ẹ wò ó bí kò ní fi ọ̀rọ̀ dídùn sìn yín dé ẹnu ọ̀nà.

Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Idẹ àti òjé kì í tètè bàjẹ́, ìwé ló ń bàjẹ́. Ẹni tó ra ọta ní 1885 fẹ́ yìnbọn ni. Ó ya páálí, ó da ọta sápò, ó fi páálí dáná. Ọdẹ ilé wa tó ń ra kátíríìjì ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan lè má mọ bí páálí rẹ̀ tilẹ̀ ti rí. Ìwọ̀nba èyí tó ṣèèṣì bọ́ lọ́wọ́ iná, òjò àti ikán ni wọ́n ń dù mọ́ ara wọn lọ́wọ́ lónìí.

Kí ọta onídẹ tó gbòde, ìwé fúnra rẹ̀ wà lára ọta. Nígbà ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, láàárín 1861 sí 1865, ìbọn ìléwọ́ Colt ń gba ọta mẹ́fà tí wọ́n fi ìwé tàbí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ di ẹ̀tù mọ́ òjé, kí gbogbo rẹ̀ lè jóná pọ̀ nínú ìbọn. Wọ́n á lu ihò mẹ́fà sínú igi kékeré kan, wọ́n á ki ọta kọ̀ọ̀kan bọ ihò tirẹ̀, wọ́n á fi ìwé wé igi náà, wọ́n á sì fi ohun tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí i tí sójà máa fà kí ìwé lè ya kíákíá. Ilé iṣẹ́ Colt ń ṣe é ní Hartford, àwọn aṣẹ̀tù Hazard ń ṣe é, Johnston àti Dow náà ń ṣe é. Ẹ rò ó wò: ohun tí wọ́n dìídì ṣe kó lè ya, lójú ogun, lọ́wọ́ ẹni tí jìnnìjìnnì bò. Èyí tí kò ya nìkan ló kù. Bí ẹ bá rí ìdì bẹ́ẹ̀ tí ìwé rẹ̀ pé, ẹ má tú u wò, torí ìṣẹ́jú tí ẹ bá tú u ni èyí tó pọ̀ jù nínú owó rẹ̀ bá afẹ́fẹ́ lọ.

Ọta .22 kékeré tí Smith àti Wesson gbé jáde pẹ̀lú ìbọn ìléwọ́ wọn ní 1857 ló fi ọ̀rọ̀ mi hàn jù. Irú ọta yẹn kò tíì kúrò lọ́jà títí di òní. Ẹ lè rà á tuntun ní ṣọ́ọ̀bù. Ọta náà kò wọ́n, síbẹ̀ páálí àkọ́kọ́ tó gbé e wá sáyé ṣọ̀wọ́n bí ojú.

Lẹ́yìn ogun, ilé iṣẹ́ ọta hù bí olú. Union Metallic Cartridge Company, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní UMC, bẹ̀rẹ̀ ní Bridgeport, Connecticut, ní 1867. Winchester wà ní New Haven, nítòsí ibẹ̀. United States Cartridge Company wà ní Lowell, Massachusetts, láti 1869, Peters sì wà ní Kings Mills, Ohio, láti 1887. Àwọn ilé iṣẹ́ wọ̀nyí gbé ara wọn mì bí ẹja ńlá ti ń gbé kékeré, orúkọ tó wà lára páálí sì ń yí padà bí wọ́n ṣe ń gbé ara wọn mì. Ohun tí ẹni tó ń díye lé páálí gbójú lé jù nìyẹn. UMC àti Remington tó ń ṣe ìbọn di orúkọ kan ní 1912, nítorí náà páálí tó kọ UMC láìdárúkọ Remington ti wà ṣáájú ìgbà yẹn. Ilé iṣẹ́ DuPont ra Remington ní 1933, orúkọ rẹ̀ sì wọ ara páálí. Remington ra Peters ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Western Cartridge ti East Alton, ní Illinois, ra Winchester ní ìparí 1931, kò sì pẹ́ tí orúkọ Western, àti ti ìdílé Olin tó ni Western lẹ́yìn rẹ̀, fi ń tẹ̀ lé Winchester lára páálí.

Ohun mìíràn wà tí ẹnikẹ́ni lè wò láìní ìwé ìtàn lọ́wọ́. Bí nọ́ńbà ìfìwéránṣẹ́ alámì márùn-ún tí Amẹ́ríkà ń lò bá wà lẹ́yìn àdírẹ́sì, páálí náà kò lè ṣáájú 1963, torí ọdún yẹn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo nọ́ńbà náà. Bí ìlà dúdú funfun tí ẹ̀rọ ilé ìtajà ń kà bá wà lára rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀, ọmọ àná ni; 1974 ni ẹ̀rọ kọ́kọ́ ka irú ìlà bẹ́ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Ohio. Ọ̀rọ̀ tó ń ṣe ìlérí pé ọta náà kò ní jẹ́ kí ìbọn dípẹtà, bíi Kleanbore ti Remington, Staynless ti Winchester tàbí Rustless ti Peters, ń tọ́ka sí ìparí àwọn ọdún 1920 lọ sókè. Páálí tó kàn sọ pé ẹ̀tù inú òun kì í rú èéfín lè dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ọ̀rọ̀ yẹn ti wọ ọjà kí ọ̀rúndún kọkàndínlógún tó parí. Páálí àtijọ́ sì sábà máa ń jẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ méjì, ìdí àti ọmọrí, bí ti bàtà. Èyí tó ń ṣí létí bíi páálí oògùn dé lẹ́yìn wọn.

Nígbà tí ìwé bá ti sọ tirẹ̀ tán ni a óò wá bi ọta léèrè. Ìdí rẹ̀ ni kí ẹ wò. Winchester ń tẹ H sí ìdí ọta kéékèèké rẹ̀ láti fi bọlá fún Benjamin Tyler Henry tó ṣe ìbọn olókìkí. UMC ń tẹ U. Ohun tó wà ní ìdí ọta gbọ́dọ̀ bá ohun tó wà lára páálí mu, ní gbogbo àádọ́ta. Ọlọ́jà máa ń to méjìlá tó dára sókè, kó kó amúlùmálà sísàlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn kan ti ń to tòmátò nínú apẹ̀rẹ̀. Ẹ kà á tán kí ẹ tó sanwó. Bí ọ̀kan tàbí méjì bá dín, ó ń dín owó kù, kò pa páálí. Bí ìdajì bá jẹ́ ti ilé iṣẹ́ mìíràn, páálí nìkan ni ẹ óò sanwó fún.

Kò sí ibi tí ìwé ti ń sọ̀rọ̀ tó bí èyí tó wà lára páálí ìjọba. Ní 1873 ni àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà gba ìbọn Colt .45 tí gbogbo sinimá kábọ́ì sọ di olókìkí. Ilé ìkóhun-ìjà Frankford ní Philadelphia ló ń ṣe ọta rẹ̀ fún ìjọba, méjìlá nínú páálí kan, kì í ṣe àádọ́ta. Kò pẹ́ tí ìjọba tún fi ra ìbọn mìíràn lọ́dọ̀ Smith àti Wesson, èyí tí wọ́n ń pè ní Schofield, ọta Colt sì gùn ju ohun tí Schofield lè gbé lọ. Ẹ wo wàhálà: àwọn ẹlẹ́ṣin tó ń lo oríṣi ìbọn méjì, tí ọta ọ̀kan kò wọ èkejì. Ohun tí Frankford ṣe ni pé ó fi ọta gígùn sílẹ̀, ó ń ṣe èyí tó kúrú tó lè wọ ìbọn méjèèjì. Ọdún díẹ̀ ni ọta gígùn ti ìjọba yẹn fi wà, ọdún díẹ̀ yẹn náà ló sì sún mọ́ ogun Little Bighorn ti oṣù kẹfà 1876, níbi tí àwọn Lakota àti Cheyenne, ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, ti pa Custer, ọ̀gá àwọn sójà ẹlẹ́ṣin, àti àwọn tó tẹ̀ lé e. Ìbọn Colt ló wà ní ìbàdí àwọn sójà náà. Páálí Frankford tí ọjọ́ ara rẹ̀ bá bọ́ sí àkókò yẹn kì í dúró pẹ́ lórí tábìlì. Ẹni tó rà á kò lè fi ẹ̀rí kan múlẹ̀ pé páálí yẹn gan-an dé ojú ogun, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ ó sanwó. Èmi kò dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n bí ọlọ́jà bá ń fi ẹnu sọ pé ó dé ibẹ̀, ìtàn ló ń tà, kí ẹ má fowó kún un fún ìtàn tí kò ní ìwé.

Àsìse tó wọ́pọ̀ jù ni kí ènìyàn rò pé ohun tó ti pẹ́ gbọ́dọ̀ wọ́n. Ilé iṣẹ́ tí Chrysler ń darí ní Evansville, Indiana, nígbà ogun àgbáyé kejì ṣe ọta .45 (kì í ṣe ti Colt ọdún 1873) tó lé ní bílíọ̀nù mẹ́ta. Bàbà ṣọ̀wọ́n nígbà yẹn, wọ́n sì fi irin ṣe ọ̀pọ̀ kòròfo rẹ̀. EC ló wà ní ìdí wọn, pẹ̀lú 42 tàbí 43 fún ọdún. Ogun parí, ọta ṣẹ́kù rẹpẹtẹ, sójà kó tirẹ̀ lọ sílé, ìjọba ta ìyókù. Ọmọ tó bá a nínú àpótí bàbá rẹ̀ rò pé òun ti di olówó, béèyàn bá sì sọ òtítọ́ fún un, á rò pé wọ́n fẹ́ gbà á lọ́wọ́ òun ní ọ̀pọ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìkan wà tí kò pọ̀ nínú ti ogun kan náà: ọta .45 tí wọ́n kó ọta wẹ́wẹ́ sí nínú, bí ti ọdẹ ẹyẹ, tí wọ́n ń fún awakọ̀ òfuurufú kó lè fi pa ẹran jẹ bí ọkọ̀ rẹ̀ bá já sínú igbó. Èyí ni kí ọmọ náà máa wá nínú àpótí.

Ó kù sí bí ara páálí ti rí. Igun tó ti fẹ́, ìwé tó ti ṣí, omi tó ti kàn án, gọ́ọ̀mù tí ọlọ́jà òde òní fi lẹ iye owó mọ́ ọn, gbogbo rẹ̀ ń jẹ owó. Àmọ́ iye tí oníṣọ́ọ̀bù ayé àtijọ́ fi pẹ́ńsù kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kì í jẹ owó. Èmi tilẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀. Ohun tó ń bí mi nínú ni àwọn tó ń fi ohun tí wọ́n fi ń mú idẹ dán nu ọta kó lè máa kọ mànà. Àwọ̀ dúdú tí idẹ fi ọgọ́rùn-ún ọdún mú wọ̀ ni ẹ̀rí ọjọ́ orí rẹ̀, ẹni tó bá sì nù ún ti nu owó dànù, kò sì sí bó ṣe lè dá a padà. Bí ohun funfun bí ìyẹ̀fun bá wà lára òjé, ẹ má fẹnu fẹ́ ẹ, ẹ má sì fọwọ́ pa á, torí májèlé ni. Igi óákù ló máa ń fà á: èéfín kíkan kan tí kò ṣeé fojú rí ń jáde lára igi náà, ó sì ń jẹ òjé díẹ̀díẹ̀, títí kan èyí tó wà ní ilé àkójọ ohun àtijọ́. Dúrọ́ọ̀ óákù tó lẹ́wà jù nílé ni ibi tó burú jù láti tọ́jú ọta sí.

Páálí tí wọn kò tíì ṣí láti ilé iṣẹ́ ló ń gbowó jù, òun náà ló sì ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ jù. Bí ẹ bá já èdídì rẹ̀, owó ti lọ. Bí ẹ kò bá já a, ẹ kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Olóbì a máa tú ewé fún oníbàárà kó lè rí bí obì ti rí. Oníbàárà páálí ló ń bẹ ọlọ́jà pé kó má ṣe tú u. Ìwọ̀n ni wọ́n fi ń wádìí, kí wọ́n gbé e sórí òṣùwọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ irú rẹ̀ tí wọ́n ti ṣí. Àwọn tó ń ṣe ayédèrú kò sì sùn. Ìwé ara páálí ṣeé tẹ̀ ní yàrá ẹni lónìí. Ẹ gbé gíláàsì tó ń mú nǹkan tóbi lé e: bí lẹ́tà tó yẹ kó ṣe gedegbe bá di ẹgbẹ̀rún àmì kéékèèké, ẹ̀rọ òde òní ló tẹ̀ ẹ́. Ẹ wá tan iná UV sí i, irú èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ báǹkì fi ń yẹ owó wò. Láti nǹkan bí 1950 ni wọ́n ti ń po èròjà kan mọ́ ìwé kó lè funfun nini, èròjà náà sì máa ń tàn búlúù lábẹ́ iná yẹn. Páálí tó bá ní òun jẹ́ ti 1880, tó wá ń tàn bí aṣọ tí wọ́n fi búlúù fọ̀, ti fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́.

Èló wá ni? Iye tí wọ́n ń béèrè kọ́, iye tó tà ni kí ẹ wò. Ẹnikẹ́ni lè lẹ ẹgbẹ̀rún dọ́là mọ́ páálí kó sì jókòó tì í di ọdún tó ń bọ̀. Páálí .38 Special ti nǹkan bí 1955, tó mọ́, tó pé, kì í fi bẹ́ẹ̀ ju owó ọta tuntun lọ. Páálí ọlọ́mọrí ti UMC fún .32 kékeré tí àwọn ènìyàn ń fi sápò nígbà náà máa ń jẹ́ dọ́là mẹ́wàá mẹ́wàá lọ́nà mélòó kan, torí ìbọn náà pọ̀, ọta rẹ̀ sì pọ̀. Èyí tó jẹ́ ti .45 Colt tàbí .44 Winchester láti ìgbà tí ìbọn wọn jáde, tó kún, tí ìwé rẹ̀ kò ya, ń bẹ̀rẹ̀ láti ọgọ́rọ̀ọ̀rún dọ́là, òmíràn sì ti kọjá ẹgbẹ̀rún. Gbàǹjo ló ń fi iye wọn hàn jù, ṣùgbọ́n ẹ ṣírò rẹ̀ dáadáa. Ká ní wọ́n lu gbàǹjo lé páálí kan ní 400 dọ́là. Bí ilé gbàǹjo bá ń fi 20 nínú 100 kún un fún ẹni tó rà á, 480 ni yóò san. Bí wọ́n bá tún ń yọ 15 nínú 100 lọ́wọ́ ẹni tó tà á, 340 ló máa mú relé. Páálí kan, iye mẹ́ta, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ òtítọ́. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ èrò àwọn tó mọ̀ ọ́n jù, kó lọ sí ìpàtẹ àwọn akọ́ta-jọ ní St. Louis, níbi tí wọ́n ti ń wá láti ilẹ̀ òkèèrè wá dúnàádúrà.

Ẹ̀yin ará wa tó ń gbé ibẹ̀, ọ̀rọ̀ òfin ló kù. Ilé ìfìwéránṣẹ́ Amẹ́ríkà kò gba ọta, ìbáà jẹ́ ẹyọ kan, ìbáà ti lo 150 ọdún. Ẹni tó bá wọlé pẹ̀lú físà onígbà díẹ̀, yálà ti akẹ́kọ̀ọ́ tàbí ti àbẹ̀wò, òfin ìjọba àpapọ̀ kò gbà á láyè láti ní ọta lọ́wọ́ àfi ní ọ̀nà díẹ̀, bíi kó ní ìwé àṣẹ ọdẹ. Nílé, òfin ohun ìjà Nàìjíríà ti 1959 to ìbọn ìléwọ́ mọ́ àwọn tí a fòfin dè, kò sì fi ọta sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Nítorí náà, bí ẹ bá ra tábìlì iṣẹ́ olóògbé kan, ẹ fa gbogbo dúrọ́ọ̀ rẹ̀ jáde kí ẹ tó ti ilẹ̀kùn kọ̀ntẹ́nà. Kọ́sítọ́ọ̀mù Apapa kò ní bi yín léèrè ọdún tí wọ́n tẹ páálí náà.